Ìròyìn Ti Di Ti Gbogbo Ènìyàn: Ta Ló Ń Sanwó Rẹ̀, Ta Ni Yóò Sì Wádìí Rẹ̀?

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ Kírísítẹ́nì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí 140 ọdún, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ni ìròyìn. Bí olóòtú bá ní òun kò ní í tẹ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀ nìyẹn. Búlọ́ọ̀gì ló ṣí ìlẹ̀kùn yẹn sílẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ti ní fóònù àti dátà ti di olóòtú ara rẹ̀. Ó yẹ kí àwa Mùsùlùmí yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, nítorí inú ilé wa gan-an ló ń parí sí.

Ọdún 1999 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Blogger jáde ní Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ṣí ojú ìwé tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Google rà á ní 2003, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì gbé AdSense kalẹ̀, ètò tó ń fi ìpolówó ọjà sí ojú ìwé àwọn ènìyàn. Ètò àkọ́kọ́ fún ènìyàn ní ibi tí yóò kọ̀wé sí, èkejì fún un ní owó. Ní 2006, Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Nàìjíríà, BellaNaija bẹ̀rẹ̀, Ọmọ́yẹlé Ṣówòrẹ́ náà sì dá Sahara Reporters sílẹ̀ láti New York. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà jù ni ọ̀rọ̀ owó. Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ polówó ọṣẹ tàbí mílíìkì á lọ bá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n á jọ dúnàá-dúrà. Ìkéde òkú, ìkéde iṣẹ́ àti ìkéde ìyípadà orúkọ náà ń mú owó wọlé. Owó yìí ni wọ́n fi ń san owó oṣù akọ̀ròyìn tó lọ jókòó sí kọ́ọ̀tù láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ti AdSense, ẹ̀rọ ló ń yan ìpolówó tí yóò hàn. Iye ojú tó wo ìpolówó ni wọ́n fi ń ṣírò owó, Google á sì yọ ìpín tirẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí bí. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wádìí ọ̀rọ̀, àti ẹni tó da iṣẹ́ rẹ̀ kọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn àwọn méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e jáde ló máa ń rí ojú tó pọ̀ jù, kì í ṣe ẹni tó mọ òtítọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àkọlé fi ń pariwo tí inú ìròyìn sì ṣófo. Ní October 2014, Google ti búlọ́ọ̀gì Linda Ikeji fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń lo iṣẹ́ àwọn láìgba àṣẹ, kí wọ́n tó dá a padà. Gbogbo ìlú ló sọ ọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kò tíì tán: ta ló ni ìròyìn?

A kò sọ pé kò sí oore nínú rẹ̀ o. Nígbà tí ẹjọ́ híjáàbù àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba ní Èkó wà ní kọ́ọ̀tù, títí tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá àwọn Mùsùlùmí láre ní 17 June 2022, àwọn ìkànnì Mùsùlùmí rí ààyè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà lójú tiwa, láìdúró de ojú rere olóòtú kankan. Oore ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí August 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Èkó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba ìlú kan lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán ènìyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ yẹn. Àwọn tó fi í ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá wa. Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn ẹbí wọn ni. Ìfẹ́ ni wọ́n fi pín in. Ìwádìí ni wọn kò ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó náà kàn wá. Ènìyàn lè máa ka wáàsí lórí ààwẹ̀, kí ìpolówó tẹ́tẹ́ tàbí ti owó èlé yọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ribá. Ẹni tó ni ìkànnì ló lè wọ inú ètò náà lọ, kó pa irú ìpolówó tí kò fẹ́. Bí owó bá tipa bẹ́ẹ̀ dín kù, àwa òǹkàwé àti àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ló yẹ kí a fi ìpolówó halaalì àti ìtọrẹ dí àlàfo náà. Ìròyìn tó mọ́, owó tó mọ́ ló ń gbé e dúró.

Òfin ìjọba náà wà níbẹ̀. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti dá wàhálà sílẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù méje náírà. Wọ́n ti lo òfin náà mú àwọn akọ̀ròyìn òdodo pẹ̀lú, kọ́ọ̀tù ECOWAS sì ní kí wọ́n tún un ṣe ní 2022. Wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2024. Òfin lè fìyà jẹ ẹni tó parọ́, kò lè kọ́ wa ní sùúrù.

Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa ṣáájú. Nínú Súràtul-Hujuraat, aaya 6, ìwádìí ni Ọlọ́hun pa láṣẹ kí a tó gbé ìgbésẹ̀ lórí ìròyìn, kí a má baà ṣèkà sí aláìṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ hadiisi kì í gba ọ̀rọ̀ láìbèèrè ẹni tó sọ ọ́ àti ẹnu ẹni tó ti gbọ́ ọ. Isnad ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí a lò ó nínú ilé wa: ta ló kọ ọ́? Ọjọ́ wo? Ṣé ojú rẹ̀ ni, àbí ó gbọ́ ọ ni? Ṣé ìkànnì mìíràn tó ṣeé fọkàn tán gbé e? Bí kò bá sí ìdáhùn, kí ìka dúró. Kí àwọn ọmọ wa tó mọ fóònù lò jù wá lọ máa ran àwọn ìyá àti bàbá lọ́wọ́ láti wádìí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí a bá ti pín irọ́, kí a padà síbi tí a pín in sí, kí a sọ òtítọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa ṣọ́ ahọ́n wa àti ìka wa. Àámín.