Mọ́tò Àpatì Iwájú Ilé Wa: Iṣẹ́ Ta Ni?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí lóko, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tí a pa tì ni. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ni ó kú sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ní Jah-Michael, lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, nínú Ìpínlẹ̀ Èkó yìí kan náà. Eré ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi wọ inú rẹ̀, ilẹ̀kùn sì sé mọ́ wọn. Nígbà tí a ó fi rí wọn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bí irú ikú bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé kò ṣòro láti mọ̀. Mọ́tò tí a tì pa nínú oòrùn a máa gbóná bí ààrò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ooru inú rẹ̀ lè fi ìwọ̀n mẹ́wàá ju ti ìta lọ, ara ọmọdé a sì máa yára gbóná ju ti àgbà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò sì ní ìdè kan tí a ṣe sí i kí ọmọ má bàa ṣí i nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. Ìdè kan náà ni kì í jẹ́ kí ọmọ rí ọ̀nà jáde nígbà tí ọkọ̀ bá dúró.

Ẹ jẹ́ kí á wá kúrò ní ọ̀nà Badagry, kí á bọ́ sí Lekki àti Ajah. Ẹni tí ó bá yà ní oríta Abraham Adésànyà (àgbà òṣèlú tí ó kojú ìjọba ológun láìbẹ̀rù, tí orúkọ rẹ̀ wá di orúkọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò lẹ́nu àwọn ará Èkó), tí ó sì wọ Lángbásà, Badore tàbí Ṣàngótẹ́dó, yóò rí ohun tí a ń wí. Yóò rí bọ́ọ̀sì tí táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀ tán. Yóò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí koríko hù gba inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jáde, àti èyí tí wọ́n ti tú gíláàsì àti bátìrì rẹ̀ lọ, tí ó wá di ilé ológbò lọ́sàn-án, tí ó di ilé ọmọ ìta lóru. Ní Lekki Phase 1, níbi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé, tapólì ni wọ́n fi bo tiwọn, ṣùgbọ́n àpatì náà ni.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé aláìbìkítà ni gbogbo àwọn tí ó ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo tí lítà rẹ̀ kò tó igba náírà gorí 488 náírà ní Èkó. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, náírà wó lulẹ̀ níwájú dọ́là, owó ẹ̀yà ara mọ́tò, tí ọ̀pọ̀ jùlọ rẹ̀ ń ti òkèèrè wá, sì fò sókè. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ rẹ̀ bá kọṣẹ́ lásìkò náà, tí owó àtúnṣe rẹ̀ ju iye tí ó fi rà á lọ, kí ni kí ó ṣe? Ó tì í sẹ́bàá ọ̀nà, ó ní ó di ìparí oṣù. Oṣù ń parí lórí oṣù, mọ́tò kò kúrò. Ẹlòmíràn ti ré òkun kọjá lọ sí Kánádà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún àbúrò tí kò ní owó táyà kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ja ìjà ogún, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ fi ọwọ́ kan mọ́tò bàbá kí ẹjọ́ tó parí.

Àánú wọn ṣe wá. Síbẹ̀, ojú títì kì í ṣe àgbàlá ẹnikẹ́ni, àti pé yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ wa, ewu mìíràn ń bẹ. Òjò a máa rọ̀ sínú táyà àti inú búùtù tí kò ní ọmọrí mọ́. Irú omi tí ó dúró bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tí ń jẹ ni lọ́sàn-án ń yé ẹyin sí, òun náà ni ó sì ń gbé ibà apọ́njú kiri. Èkó kò ṣàjèjì sí ibà yìí. Ní 1927, Adrian Stokes, oníṣègùn ọmọ Ireland tí ó wá síhìn-ín láti ṣe ìwádìí rẹ̀, ni ibà náà pa ní Èkó. Ó jà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1987, ó sì tún yọjú ní Ifẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara ní oṣù Kẹsàn-án 2017. Ọ̀rọ̀ gọ́tà náà tún ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó wà ní Lekki ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2017 kò lè gbàgbé bí omi ti wọ ilé. A kò sọ pé mọ́tò àpatì ni ó fa omíyalé náà. Irà tí a da iyanrìn lé lórí láti kọ́lé ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí mọ́tò ti jókòó lé lórí fún ọdún mẹ́ta, ta ni yóò rí ìdọ̀tí inú rẹ̀ kó?

Nígbà tí sùúrù àwọn ará àdúgbò bá tán, ohun tí àwọn mìíràn ń ṣe ni pé kí wọ́n pe àwọn tí ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tàbí kí wọ́n taari rẹ̀ lóru sí iwájú ilé aládùúgbò mìíràn, tàbí kí wọ́n dáná sun ún. A lòdì sí gbogbo rẹ̀. Ẹrù ẹni ẹlẹ́ni ni, bí ó tilẹ̀ ti jẹrà. Ẹni tí ó gé e yóò jẹ́jọ́ olè ní ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín bá dé. Ó sì lè jẹ́ pé jíjí ni wọ́n jí mọ́tò náà, tàbí pé àwọn adigunjalè ni ó jù ú síbẹ̀, kí ẹ sì ti fi ọwọ́ ara yín pa ẹ̀rí tí àwọn ọlọ́pàá ń wá run. Nítorí náà, àgọ́ ọlọ́pàá ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé kọ́kọ́ mú nọ́ńbà ọkọ̀ náà lọ. Nọ́ńbà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́: EKY tí ẹ ń rí lára rẹ̀ ń sọ pé Ẹ̀tì-Ọ̀sà ni a ti gbà á, orúkọ ẹni tí ó gbà á sì wà nínú ìwé ìjọba.

Lẹ́yìn náà, káńsù ni kí ẹ kọ̀wé sí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999 ti fi ìtọ́jú òpópónà àti gọ́tà, pẹ̀lú kíkó ìdọ̀tí dànù, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òótọ́ ni pé Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní LASTMA láti ọdún 2000, ó sì ní ìgbìmọ̀ kan tí a yàn fún kíkó mọ́tò àpatì, tí ń lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ọkọ̀ kí ó tó wọ́ ọ lọ. A kí wọn fún un. Ṣùgbọ́n ṣé láti Aláúsá ni ẹnìkan yóò ti máa ka mọ́tò tí ó kú sí kọ́ńà Badore? Àwa ń pariwo pé kí agbára ó sún mọ́ ìlú. Bí káńsù tí ó wà ní Ajah kò bá lè gbé mọ́tò kan kúrò ní Ajah, kí ni a fẹ́ fi agbára náà ṣe? Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025, a dìbò yan àwọn aláṣẹ sí gbogbo káńsù 57 tí ó wà ní Èkó. Nítorí náà, a mọ ẹni tí a ó bi léèrè.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní Peckham, òfin ọdún 1978 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pa mọ́tò tì, ó sì sọ ọ́ di dandan fún káńsù láti gbé e kúrò. Owó ìtanràn inú òfin náà kọ́ ni ó wù wá. Ohun tí ó wù wá ni pé a sọ ọ́ di dandan fún káńsù, kì í ṣe ìgbà tí ó bá wù ú.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ará Èkó nìyí. Ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ni gààrí àti ẹja yín ń gbà dé ọjà Ajah. Bí lọ́rì kan bá kú sójú ọ̀nà, tí a sì fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, ẹja yín ni yóò kọ́kọ́ rà. Bí ó bá sì jẹ́ lọ́rì yín ni ó kú, ẹ óò fẹ́ kí ẹni tí yóò wọ́ ọ lọ jẹ́ ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ, tí iye owó rẹ̀ sì wà lójú pátákó, kí ó má jẹ́ ẹni tí ń fojú díwọ̀n ẹrù yín kí ó tó dá iye lé e.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ káńsù Ẹ̀tì-Ọ̀sà àti ti Ìlà-Oòrùn Ẹ̀tì-Ọ̀sà kò ju agbára wọn lọ. Kí wọ́n ṣí ìwé kan tí a ó máa kọ mọ́tò àpatì sí, tí ará ìlú lè wá wò. Kí wọ́n lẹ ìkìlọ̀ tí ó ní ọjọ́ mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà náà. Kí wọ́n wá ilẹ̀ tí a lè kó wọn sí, kí tálákà tí kò tíì rí owó àtúnṣe lè fi tirẹ̀ síbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Bí wọ́n bá sì ta èyíkéyìí ní gbàǹjo, kí wọ́n yọ owó ìwọ́kọ̀, kí wọ́n sì dá ìyókù padà fún ẹni tí ó ni ín.

Títí di ìgbà náà, kí gbogbo ẹni tí mọ́tò rẹ̀ dúró gbọnrangandan sí iwájú ilé jáde lónìí, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ àti búùtù rẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ fi ẹ̀dà ìwé tí ẹ bá kọ sí káńsù ránṣẹ́ sí wa, kí òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbà á wà lára rẹ̀. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ewé yìí, a ó sì tẹ èsì káńsù náà, yálà ó dùn mọ́ wa tàbí kò dùn mọ́ wa.