Àbámọ̀ Ti Wà Lẹ́nu Wa Kí Faransé Tó Dé

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì túmọ̀, òun ló sì sọ ọkùnrin kan di olè. Láti orílẹ̀-èdè kan tó bá wa pààlà ni ìròyìn náà ti wá, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan «aurait détourné» owó iṣẹ́ omi. Èmi kọ ọ́ sí Yorùbá pé ó kó owó iṣẹ́ omi jẹ. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n san owó mi, ó jáde. Ní ọjọ́ kẹta, ìbátan ọkùnrin náà kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ó bi wá pé ta ló sọ fún wa pé ènìyàn òun kó owó jẹ, nígbà tí ìwé ìròyìn tí a ti mú un gan-an kò sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìwé ìròyìn náà kò sọ pé ọkùnrin náà kó owó. Ó sọ pé wọ́n ní ó kó o. A tọrọ àforíjì, a ṣàtúnṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ti kà á ti kà á.

Kì í ṣe pé n kò mọ gírámà. Mo gba oyè kejì nínú èdè Faransé. Bí ẹ bá jí mi lóru, màá ka «aurais, aurais, aurait, aurions, auriez, auraient» fún yín láìṣi ẹyọ kan. Wọ́n ti fún mi ní máàkì pípé lórí rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo fi jókòó níwájú pátákó, kò sí olùkọ́ kan tó dúró sọ fún wa pé: ẹ wò ó, bí akọ̀ròyìn bá lo ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, ohun tó ń sọ ni pé òun kò fọwọ́ sọ̀yà. Èyí ni mo fẹ́ bá àwọn tó ń kọ́ wa ní Faransé jà lé lórí, èmi náà tí mo máa ń kọ́ ènìyàn nígbà mìíràn kò sì yọ ara mi sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ «conditionnel passé» láti Èkó dé Kano kò yàtọ̀ síra. Tíṣà á kọ avoir àti être sí pátákó ní conditionnel présent, á lẹ participe passé mọ́ ọn lẹ́yìn: «j'aurais parlé», «je serais venue». Á kìlọ̀ pé obìnrin gbọ́dọ̀ fi e kún venu (ẹ̀bi tó ti jẹ mí ní máàkì tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ). Á wá kọ «would have» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹ lọ há a sórí. Gẹ̀ẹ́sì ni afárá tí gbogbo wa gbà kọjá, ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè bóyá afárá náà débi tí a ń lọ.

Ṣé ẹ ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà «àbámọ̀» rí? À bá mọ̀. Ká ní a mọ̀ ni. Àwọn baba wa mú ọ̀rọ̀-ìṣe tí tíṣà ń là wá lóye pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀dùn ọkàn odidi. Ǹ bá, ò bá, ì bá, à bá, ẹ̀ bá, wọn ì bá: mẹ́fà pérépéré, bíi ti Faransé. «Si j'avais su, je serais venue»: ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti wá. «Je ne serais pas venue»: n kì bá tí wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Ìsẹ́yìn ń sọ èyí lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ pé ohùn orí «ti» yí padà láàárín méjèèjì. Àwọn Hausa náà ṣe irú rẹ̀. «Da na sani» ni wọ́n ń pe àbámọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni «ká ní mo mọ̀». Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tàbí Hausa, tó jẹ́ Pidgin ló gbọ́, òun náà ń sọ pé «I for don come». Ẹ wo «for», ẹ wo «don». Ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ «serais» àti «venue», kí ẹ sọ fún mi pé ó ṣòro láti ṣàlàyé.

Wọ́n á ní ohun àwọn ògbóǹtarìgì ni àsìkò yìí, pé kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń kíni, bí a ṣe ń ra búrẹ́dì. Irọ́ ni. Ẹ gba ẹnubodè Sèmè kọjá pẹ̀lú ẹrù kan tí ẹ kò kéde. Ohun tí aṣọ́bodè á kọ́kọ́ sọ fún yín ni «Vous auriez dû le déclarer». Kò sọ pé «you would have» ohunkóhun. Ẹ̀bi ló ń dá yín: ó yẹ kí ẹ ti kéde rẹ̀. Abúlé Èdè Faransé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lọ ní Àgbádárìgì kò jìnnà sí ibodè yẹn rárá, síbẹ̀ mo mọ àwọn tó ti ibẹ̀ dé tí wọ́n rò pé ìdúpẹ́ ni «tu aurais pu m'appeler». Ẹni tó bá sọ ọ́ fún yín ń bínú. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé, «ìwọ náà kò tilẹ̀ lè pe ènìyàn!»

Ibi tó ti ń dun ni jù lọ ni ti ìròyìn. Ní oṣù Keje 2023, nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, tí ECOWAS sì ń halẹ̀ pé àwọn lè kó ọmọ ogun wọ Niger, ojú ìwé Faransé ni púpọ̀ nínú wa tó gbọ́ èdè náà ń sá lọ láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi wa. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni «aurait» àti «seraient» máa ń pọ̀ bí eṣú. Àwọn ọmọ ogun «seraient arrivés» sí ibì kan: a gbọ́ pé wọ́n ti débẹ̀. Bí atúmọ̀ èdè bá sọ ọ́ di «wọ́n ti débẹ̀», ó ti kéde ogun tí kò sí. Bí ó bá sì rọ̀ mọ́ «would have» tíṣà, á kọ ohun tí kò nítumọ̀, olóòtú á gé e kúrò, «wọ́n ti débẹ̀» náà ni á ṣẹ́kù.

Níbí, «ì bá» kò ràn wá lọ́wọ́, n kò sì ní parọ́ pé ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà lẹ́nu wa. «Wọ́n ní.» «A gbọ́ pé.» Hausa ní «wai», ọ̀rọ̀ kékeré tó ń sọ fún olùgbọ́ pé ẹnu ni mo ti gbọ́ ọ, ojú mi kò tó o. Àwa tí a tọ́ dàgbà pẹ̀lú «wọ́n ní» ló yẹ ká tètè gbọ́ «aurait» ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá «reportedly» tàbí «allegedly» kiri. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé «aurait» ń bo oníròyìn Faransé láṣìírí. Òfin ìwé ìròyìn ti ilẹ̀ Faransé, ti 29 oṣù Keje 1881, sọ ọ́ kedere pé ìbanilórúkọjẹ́ ṣì ni, kódà bí a bá fi ohùn iyèméjì sọ ọ́. Bí ẹni tó kọ «aurait» kò bá bọ́ lọ́wọ́ òfin, kí ni ká sọ nípa èmi tí mo yọ ọ́ kúrò pátápátá?

Olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní èdè abínibí á ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, pé àṣìṣe inú Yorùbá ni wọ́n á máa gbé wọnú Faransé. Ó tọ̀nà ní ibì kan. Yorùbá lè fi «ì bá» sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì: «Ì bá ṣe pé mo mọ̀, ǹ bá ti wá.» Hausa ń fi «da» sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Faransé kò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn «si», plus-que-parfait ni, ẹni tó bá kọ «si j'aurais su» ti rí ìlà pupa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ṣé olùkọ́ tó mọ ibi tí àṣìṣe náà ti ń wá kò ní lè kìlọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀? Á ní kí wọ́n di «ká ní» mú, kí wọ́n fi «ì bá ṣe pé» sílẹ̀ fún ilé. Èyí tí kò mọ̀ á kàn fa ìlà pupa títí ọdún á fi parí, á sì máa ní akẹ́kọ̀ọ́ òun kò lọ́pọlọ. Àwọn ọmọ Faransé gan-an ń ṣe àṣìṣe yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n gbàgbé èdè ìyá wọn nítorí rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé á di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1998 sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn: Benin, Niger, Chad, Cameroon, Faransé ló yí wa ká. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ ni pé àwọn aládùúgbò wọ̀nyí kan náà ń sọ èdè wa. Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́. Hausa ni wọ́n ń sọ ní Zinder. Níbẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ní ayé àwọn amúnisìn, ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ní ilé ìwé ni wọ́n ń so «symbole» mọ́ lọ́rùn. Níhìn-ín, àwa ń san owó ìtanràn fún «vernacular». Ọmọ Yorùbá méjì, ọ̀kan ní Kétu, ọ̀kan ní Ìmẹ̀kọ, tí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀, ni a ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ̀kan ní èdè tí èkejì ń sọ. Ta ló rí èyí tí kò rẹ́rìn-ín?

N kò ní kí ẹ jó ìwé Bescherelle níná. Ẹ kọ́ ọmọ ní tábìlì náà, ẹ kàn kọ ìlà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní èdè tí kíláàsì gbọ́: «ǹ bá ti» fún àbámọ̀, «ó yẹ kí o ti» fún ìbáwí, «wọ́n ní» fún ìròyìn tí a kò tíì wádìí. Kí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà dín bíbéèrè fún tábìlì kù. Kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin láti inú ìwé ìròyìn Cotonou, kí wọ́n bi í pé èwo ló ṣẹlẹ̀ dájú, èwo ni a kàn gbọ́.

Lẹ́tà ìbátan ọkùnrin yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Faransé ló fi kọ ọ́, kò bú wa rárá. Gbólóhùn tó fi parí rẹ̀ ni «Vous auriez pu nous demander». Ẹ̀ bá ti bi wá.