Ta Ló Gbé Àdá Lé Ọmọ Lọ́wọ́?

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni, kónílé-ó-gbélé Kòrónà ti sé gbogbo Èkó mọ́lé. Ìròyìn kàn wá gba ìgboro pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Awawa àti àwọn tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀ wá jalè lálẹ́. Láti Agége wọ Alímọ̀ṣọ́, oorun dá lójú onílé àti ayálégbé. Àwa ọkùnrin àdúgbò kó táyà sẹ́nu géètì, a dáná sun ún, a sì dúró yí i ká. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọ aládùúgbò mi kan, ọmọ JSS2, ẹni ọdún 13. Pátákó tí wọ́n kan ìṣó mẹ́rin mọ́ lórí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Ẹnì kan nínú àwa àgbà ló bá a kan ìṣó ọ̀hún. Gbogbo wa ń kì í pé ọkùnrin gidi ni. Olè kankan kò wá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ orúkọ ohun tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà: kíkó ọmọdé wọ ìjà àgbà. Ìròyìn Maiduguri ló là mí lójú. Lọ́dún 2013, nígbà tí Boko Haram kò jẹ́ kí ará Borno rímú mí, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fúnra wọn gbé kóńdó àti àdá, wọ́n ń ṣọ́ òpópónà. Bí Civilian JTF ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń gba ìlú sílẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí. Nígbà tí wọn yóò fi wò yíká, àwọn ọmọdé ti wà láàrin wọn, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà, wọ́n ń tú ẹrù èrò wò. Ti àwọn ẹgbẹ́ agbébọn tí wọ́n ń bá jà kò tilẹ̀ ṣeé fẹnu sọ: UNICEF ní láàrin ọdún 2013 sí 2017, wọ́n ti kó ọmọ tó lé ní 3,500 wọ iṣẹ́ ogun.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe yọ àwọn ọmọ inú Civilian JTF kúrò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn ọ̀gá Civilian JTF tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé àwọn kò ní gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 mọ́, àti pé àwọn yóò yọ àwọn tó ti wà níbẹ̀. Wọ́n wá àwọn ọmọ náà rí, wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ọmọ 833 kúrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2019, 894 mìíràn tún kúrò, 106 nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Ilé ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ ni ètò tí wọ́n ṣe sílẹ̀ dè wọ́n. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Bí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn bá ṣe ìjà tán ní Ìkòtún tàbí Ìgàndó, àwọn ọmọ kéékèèké la máa ń rí nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ẹni tó fi fóònù pè wọ́n jáde ti padà sídìí ọtí rẹ̀. Nígbà ìpolongo ìbò, a tún ń rí ọmọ tí kò tíì tó gba káàdì ìdìbò lórí bọ́ọ̀sì, tó wọ fàníìlà ẹgbẹ́ òṣèlú, tó mú igi dání. A ó pè é ní jàǹdùkú. Orúkọ ẹni tó sanwó ọkọ̀ náà kì í wọ ọ̀rọ̀.

Òfin mọ orúkọ ẹni náà ní tirẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, kọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti lo ọmọ fún iṣẹ́ ọ̀daràn. Ti ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Òfin tí Èkó ṣe lórí ẹgbẹ́ òkùnkùn lọ́dún 2021 ní ọdún 21 ni fún ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ní ọdún 15 fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpàdé wọn. Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù tí ẹ ń fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé háyà láìbi ẹni tó ń gbà á léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà. Charles Taylor pàápàá, ààrẹ orílẹ̀-èdè Làìbéríà tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ni wọ́n dá fún un lọ́dún 2012. Lílo àwọn ọmọ tí kò tó ọdún 15 nínú ogun Sàró wà lára ẹ̀sùn tó jẹ̀bi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò sí lójú ogun.

Ní Alímọ̀ṣọ́, wọn kì í sábà fipá mú ọmọ. Ẹnì kan á já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ lẹ́yìn ilé ìwé, bùọ̀dá kan á bá a gbà á padà. Lọ́jọ́ kejì, bùọ̀dá á ra ráìsì fún un. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ní kó bá òun gbé báàgì kan dé Ìyànà Ìpájà, kó má tú u wò o. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá rí fóònù tí ẹ kò rà lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ má tíì pariwo. Ẹ kọ́kọ́ bi í ta ni bùọ̀dá ọ̀hún. Ẹ má sì lé e jáde nílé, torí bùọ̀dá ní yàrá tó lè sùn sí. Àjọ DSVA ti Èkó ń gba ìpè lórí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ tàbí tí wọ́n ń lò nílòkulò, ọ̀fẹ́ ni, 08000333333. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, 112 tàbí 767 ni kí ẹ pè.

Ní ti ẹgbẹ́ onílé, iṣẹ́ wa kò le. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé ṣí ìwé, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ òru, kí ó kọ ọjọ́ orí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, kí ó lọ sùn. Bí olóṣèlú bá sì wá tọrọ àwọn ọmọ wa fún ìwọ́de, kí alága bi í lójú gbogbo èèyàn pé ṣé ọmọ tirẹ̀ náà ń bọ̀.

Mo rí ọmọkùnrin onípátákó yẹn láìpẹ́ yìí ní Ìkòtún, fóònù ló ń tún ṣe báyìí. Mo bi í léèrè pátákó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun ló fi se ẹ̀wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ yọ ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó ní kó lọ dá a padà fún ẹni tó bá a kàn án. Òótọ́ ló sọ, ó dá a padà. Ọ̀rá náà ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi.