Káàdì kọ́ ni àwọn ológun wa

1/ Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí tier list àwọn ológun Yorùbá tó ń káàkiri yìí. Ẹ ti rí i. Ẹnìkan á fa ìlà márùn-ún, á kọ S, A, B, C, D. Á gbé Ògèdèǹgbé sí S, á ju Látòósà sí A, á fi Kúrunmí sí B, á ní Àfọ̀njá ò ju D lọ. Kó tó di alẹ́, àwọn èèyàn ti ń bú ìyá ara wọn lábẹ́ rẹ̀.

2/ Mi ò wá sọ pé ẹlòmíì ni S yẹn tọ́ sí o. Lísìtì yẹn fúnra rẹ̀ ni mo bá wá. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn iṣu ni wọ́n gbé wá wọn aṣọ. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ìlú wa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

3/ Inú eré káàdì ni àṣà náà ti wá. Magic: The Gathering wà, Richard Garfield ló ṣe é, 1993 ló jáde. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ta á ni wọ́n ń pè ní Commander. Wàá yan ọ̀gágun kan, wàá wá to káàdì 99 mọ́ ọn kó lè pé 100. Èèyàn mẹ́rin ló sábà máa ń jókòó. Ẹ̀mí 40 ni kálukú fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀gágun kan bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ́ léṣe tó pé 21, o ti jáde nìyẹn.

4/ Àwọn tó ń ta á máa ń to àwọn ọ̀gágun yẹn nípò, èyí tó le jù lókè, èyí tí kò lè pa eṣinṣin nísàlẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀mí 40 ni gbogbo wọn ní, káàdì 100 ni gbogbo wọn ní, òfin kan náà ló de gbogbo wọn. Wọ́n lè ta á lónìí, kí wọ́n tún un ta nígbà ẹgbẹ̀rún. Tí ọ̀gágun kan bá ń borí ṣáá, ó ti hàn pé káàdì yẹn le.

5/ Ẹ wá sọ fún mi: ta ló pín ẹ̀mí 40 fún Látòósà àti Ògèdèǹgbé? Nígbà ogun Kírìjì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Ẹ̀tù àti iyọ̀ di ọ̀wọ́n. Lápá kejì, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ti ọta bọ̀ láti ẹ̀yìn, wọ́n fi í ránṣẹ́ sílé. Ìró ìbọn yẹn ni wọ́n ní ó fún ogun náà lórúkọ.

6/ Tó o bá wá kọ ọ́ pé "Ògèdèǹgbé ju Látòósà lọ", ta lo ń wọ̀n gan-an? Ògèdèǹgbé ni, àbí ẹni tó dáwó l'Ékòó? Látòósà ni, àbí ọ̀nà tí wọ́n dí? Ògèdèǹgbé fúnra rẹ̀ ti gbé Ìbàdàn rí, ó kọ́ iṣẹ́ ogun níbẹ̀ kó tó wá fi bá Ìbàdàn jà. Máàkì ta ni ká kọ ìyẹn sí?

7/ Kódà nínú eré Commander, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta mọ nǹkan kan: ẹni tó bá kọ́kọ́ fi hàn pé òun lágbára jù, òun ni àwọn mẹ́ta yòókù máa dojú kọ. Agbára tó hàn síta a máa pe ọ̀tá.

8/ Ohun tó ṣe Ìbàdàn gan-an nìyẹn. Wọ́n dá Ìlọrin padà l'Óṣogbo ní nǹkan bí 1840. Wọ́n tú Ìjàyè ní 1862. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú dé ìlú ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ wọn kan. Kò pẹ́ sígbà náà, Ẹ̀gbá ń bẹ níwájú, Ìjẹ̀bú ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, Èkìtìparapọ̀ ń bẹ lókè, Ìlọrin ń bẹ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, Ifẹ̀ náà dara pọ̀. Látòósà kú sí bùdó ogun ní 1885, ogun ò sì tíì parí.

9/ Tẹ́ ẹ ò bá mọ Magic, ṣebí ẹ mọ Whot. 2 ni pick two, 14 ni general market, 20 wá ni ọ̀gá wọn: o gbé e sílẹ̀, o bèèrè ohun tó wù ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíì bá ti parí, tẹ́ ẹ wá ń ka ohun tó kù lọ́wọ́ kálukú, 20 yẹn náà ló máa wúwo jù lọ́wọ́ rẹ. Káàdì tó lágbára jù ló tún jẹ́ gbèsè tó tóbi jù. Tier list kì í ka gbèsè. Ibi tí wọ́n ti gbé káàdì sílẹ̀ ló máa ń dúró sí.

10/ Ẹ jẹ́ ká ka gbèsè díẹ̀. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Kúrunmí ti Ìjàyè ní òun ò ní gba Adélù, ọmọ rẹ̀, ní Aláàfin. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ṣáájú Ìbàdàn wá. Lórí tier list, akọni ń pàdé akọni, ó dùn-ún wò. Nínú ìlú Ìjàyè, ebi ni. Ó burú débi pé àwọn míṣọ́nnárì ń kó àwọn ọmọ aláìlóbìí jáde lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí kú ní 1861, ìlú tú lọ́dún kejì.

11/ Ìlà wo la kọ àwọn ọmọ yẹn sí? S àbí D?

12/ Ẹ tún wo lísìtì yẹn dáadáa. Àwọn obìnrin dà? Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Nígbà tí òun àti Látòósà dìjà, wọ́n pa á ní 1874. Tinúubú pèsè ohun ìjà fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì gbógun wá bá Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Tí ẹni tó yìnbọn bá wà ní S, ẹni tó ra ìbọn ńkọ́?

13/ Mọremí ńkọ́? Ìtàn wa níbí sọ pé ọmọ Ọ̀fà ni. Kò kó ọmọ ogun kankan jọ. Ó jẹ́ kí ọ̀tá mú òun lẹ́rú, ó gbé àárín wọn, ó wádìí wọn, ó sá padà wá sọ fún Ifẹ̀ pé èèyàn ló wà nínú aṣọ koríko yẹn, iná ló máa ràn wọ́n. Tó bá jẹ́ káàdì ni, wọ́n á kọ òdo síbi agbára rẹ̀. Òdo yẹn ló gba Ifẹ̀ là.

14/ Ó wá kan ilé wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ní ogun Jálumi, Ìbàdàn lé Ìlọrin àtàwọn tó bá wọn wá títí wọ́n fi ń já sódò Ọ̀tìn. Lẹ́yìn náà ni Ìlọrin kọjú sí Ọ̀fà. Kàràrá, Balógun Gàm̀bàrí, ló ṣáájú wọn. Wọ́n dó tì wá. Ìbàdàn rán ọmọ ogun wá ràn wá lọ́wọ́. Ọdún ń gorí ọdún.

15/ Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Àlàáfíà yẹn ò dé Ọ̀fà. Lẹ́yìn ìwé yẹn ni Ọ̀fà tú. Ó di 1893 kí Gómìnà Carter tó wá láti Èkó, kí Ìbàdàn àti Ìlọrin tó tú bùdó ogun wọn. Ní 1897, Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ilé tún kọ́ lórí ahoro.

16/ Ẹ wá gbé Kàràrá sórí òṣùwọ̀n yín. Ó dó ti ìlú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ìbàdàn wà nínú ìlú yẹn, ìlú yẹn sì bọ́ sí Ìlọrin lọ́wọ́. Pẹ̀lú òfin tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀, S ni, ó kéré tán A. Ẹ wá sí Ọ̀fà kẹ́ ẹ wá ka èsì yẹn fún wa. Tẹ́ ẹ bá tìtorí ojú wa fún un ní D, irọ́ lẹ pa, torí ó borí. Kò sí lẹ́tà kan tó lè gbé òótọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé ó mọ ogun jà, pé ó sì fọ́ ilé onílé.

17/ Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ "àwa la nà yín" tó máa ń kún abẹ́ àwọn lísìtì yìí. Ta ni "àwa"? Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò rí ogun rí, iná fóònù rẹ̀ ló fẹ́ẹ̀ kú yẹn. Ọ̀fà àti Ìlọrin wà ní Kwara kan náà lónìí. A jọ ń wọkọ̀, a jọ ń nájà, a ń fẹ́ ara wa sílé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, apá wo nínú ara rẹ̀ ló na èkejì?

18/ Ẹ tún rántí pé "àwa" yẹn kì í ka àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Ogun ọ̀rúndún yẹn, ẹrú ló ń bọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá ló ń kó ọmọ Yorùbá, wọ́n ń fi wọ́n dáko, wọ́n ń tà wọ́n ra ìbọn tí wọ́n máa fi kó òmíràn. Bóyá ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n dè lókùn lo jẹ́, o wá ń pariwo "S!" fún ẹni tó mú okùn dání.

19/ Mo mọ èsì tó ń bọ̀. "Sisí, eré lásán ni." "Ó kéré tán, ó ń jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ mọ ìtàn." Èkejì yẹn lágbára díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ iléèwé wa. Ọ̀pọ̀ wa, orí fóònù la ti kọ́kọ́ gbọ́ Jálumi. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Fábùnmi lórí tier list, tó wá lọ wá ìwé kà, Ọlọ́run bù sí i.

20/ Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lísìtì yẹn ń kọ́ èèyàn: pé ogun dà bí ìdíje, pé ẹni tó borí ló ṣe pàtàkì, pé ìlú jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ka góòlù. Ẹni tó kọ́ ìtàn báyẹn ò mọ ìtàn. Orúkọ ló mọ̀. Tí wọ́n bá sì ń lu ìlù ogun lọ́la, òun ló máa kọ́kọ́ jó.

21/ Àwa ará Ọ̀fà ò kórìíra ìdíje o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìlú wa ni ìjàkadì ti jẹ́ orò. Ọlọ́fà àti Ẹ̀sà máa ń gbá ara wọn mú níbi ọdún Ìjàkadì, gbogbo ìlú á sì máa wò wọ́n. Ẹ kíyè sí i: gbangba ni, ọwọ́ òfo ni, òfin wà, àwọn méjèèjì ló sì máa padà sílé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó lágbára jù, ibẹ̀ ni kó wá wò ó. Àwọn baba wa jagun, wọ́n tún jàkadì, wọn ò sì fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì.

22/ Nítorí náà, ẹ máa to káàdì yín. Ẹ to commander inú Magic láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi náà á wá jiyàn lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ológun tó jẹ́ èèyàn, tó gbé ìlú kan, tó fọ́ ìlú kan, ẹ yọ lẹ́tà yẹn kúrò. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin sí abẹ́ orúkọ rẹ̀:

Ta ló ra ìbọn tó lò?
Ta ló dáko tó bọ́ ọmọ ogun rẹ̀?
Ta ló bá a jà, kí sì ni wọ́n bá a jà sí?
Ibo ni àwọn tó ṣẹ́gun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

23/ Ìbéèrè mẹ́rin yẹn á gba àkókò ju kéèyàn fa ìlà márùn-ún lọ. Kò ní tètè gbaná lórí ayélujára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dáhùn wọn lórí Kàràrá, ó lè kà á fún ará Ìlọrin, kó kà á fún ará Ọ̀fà, kí ẹnì kankan má sì lè ní irọ́ ló pa. Tier list tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mú un wá kí n rí i.

24/ Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fún Àfọ̀njá ní D. Mo ní ìbéèrè mẹ́rin fún un.