Oògùn Aláìsàn Ọpọlọ ní Ìgbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, ṣùgbọ́n kò ṣeé bí lọ́mọ. Òbí nìkan ni ó mọ bí òru ti ń gùn tó. Ọ̀pọ̀ àrùn ọpọlọ tí ó le ni ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe, nígbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ní Oṣù Kẹsàn-án 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn burúkú ti inú ọkọ̀ òkun wọ Èkó. Ilé ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ti wà ní Yaba láti 1907, ṣùgbọ́n oògùn tí a ń lò lónìí kò tí ì sí níbikíbi. 1952 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ tọ́jú aláìsàn.

Ní 2020 àrùn Kòrónà dé. Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹta, ìjọba pàṣẹ kí gbogbo ará Èkó, àti Àgbádárìgì pẹ̀lú, jókòó sílé. Ọjọ́ 4 Oṣù Karùn-ún ni a bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà. Ní 1918 oògùn ni kò sí; ní 2020 oògùn wà, ọ̀nà ni kò sí. A gba aláìsàn láyè láti lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà Yaba jìn. Bodè Sẹ̀mẹ̀ ti wà ní títì láti Oṣù Kẹjọ 2019, owó ti dín lọ́wọ́ oníṣòwò. Níbo ni apẹja tàbí alágbọn yóò ti rí owó ọkọ̀?

Ẹni tí ó bá dá oògùn yìí dúró kì í sábà mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni oorun yóò dá lójú rẹ̀, tí yóò máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí yóò sì máa fura sí ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni ìpayà yóò mú kí àwọn ará ilé wá ẹ̀wọ̀n. Ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch kọ ọ́ sínú ìwé pé a bá irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà, àní ní ilé ìjọsìn Kristẹni. Ìtìjú ni èyí. Ṣẹkẹṣẹkẹ kò wo ọkùnrin Gádárà sàn. Olúwa mú un láradá, ó sì rán an padà sí ilé rẹ̀.

Ní 1954, Dókítà Lambo ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Abúlé gbé ẹrù náà pẹ̀lú ìdílé. Ohun tí ó yẹ ìjọ nìyẹn.

Àgbẹ̀ kì í jẹ irúgbìn rẹ̀ tán kí òjò tó dé. Kí ìdílé bi dókítà, nígbà tí ọ̀nà ṣì là, bí ó bá lè fún wọn ní oògùn tí yóò ju ti oṣù kan lọ, kí àgbàlagbà sì máa pa á mọ́. Kí wọ́n bèèrè nọ́ọ̀sì tí ó wà nítòsí tí ó lè gún abẹ́rẹ́ náà. Kí ìjọ yan ẹni méjì tí yóò bá wọn rìn, kí ó sì ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀. Kí a máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kí ọmọ fi oògùn sílẹ̀ nítorí àdúrà. Ìjọ tí ń gbé iṣu lọ fún opó lè gbé oògùn yìí pẹ̀lú.