Ṣé Ojo Ni Hamlet?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ka Hamlet, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1600, ló máa ń pe ọmọ ọba náà ní ojo. Òkú bàbá rẹ̀ yọ sí i, ó ní Claudius, àbúrò òun, ló da májèlé sí òun létí. Kí ló tún ń dúró dè?

Àwọn àgbà ti fèsì: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu òkú nìkan ni Hamlet ti gbọ́ ọ. Nítorí náà ló ṣe ní kí àwọn òṣèré ṣe irú ìpànìyàn náà níwájú Claudius, kí ojú rẹ̀ lè tú àṣírí. Ọgbọ́n nìyẹn. Ìkánjú ló ba ọ̀ràn jẹ́: ó gún ẹni tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé láìwo ojú rẹ̀, Polonius ló sì kú. Orí Ophelia, ọmọ olóògbé, dàrú, ó sì kú sómi. Laertes, arákùnrin rẹ̀, kò wádìí dójú àmì. Ó di irinṣẹ́ lọ́wọ́ Claudius.

Fẹ́mi Òṣófisan, ọmọ Ẹ̀rúnwọ̀n nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, fi ìkíni Ìjẹ̀bú sọ eré rẹ̀ lórúkọ ní 2003: Wèsóò, Hamlet! Ẹni tí a kí bí ọmọ ilé, bí ọmọ ilé ló yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Níbi tí ariwo "Olè!" kan ṣoṣo ti tó láti fi taya kọ́ ènìyàn lọ́rùn, kí olùkọ́ má ṣe kọ́ ọmọ pé ẹni tó tètè gbẹ̀san ni akin.