Sánáwì Kì Í Ṣe Òpin Ìwé

Ẹ̀yin òbí wa, bí a bá ti ṣe wòlímọ̀ Sánáwì tán, ọ̀pọ̀ wa a máa rò pé ìwé ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede jáde ní Markaz Agége, ó gba ìwé-ẹ̀rí Lárúbáwá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1976, ó gboyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìlọrin ní 1981, ó sì di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1991. Ní 2007, ó di gíwá ibẹ̀.

Kírẹ́dítì márùn-ún ló ń dí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó gbọ́ náháwù yékéyéké lọ́nà. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe yọ ọmọ kúrò nílé kéú, ẹ má sì fi ìdánwò WAEC dù ú. Ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n ó ṣe é rìn. Kí Ọlọ́hun mú un rọrùn. Àmín.